Owó-Oṣù Kan, Ẹnu Mẹ́sàn-án

Ewì ni ẹ mọ̀ mọ́ mi. Lọ́tẹ̀ yìí, ewì kọ́ ni mo gbé wá. Ìjà ni. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá bá nínú yín, kó má bínú, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà bá èmi gan-an alára, ẹ ó sì rí i kí n tó parí.

Inú yàrá wa ní họ́sítẹ̀lì ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún àwọn tí a jọ ń gbé pé Àǹtí mi, nọ́ọ̀sì tó wà ní England, fẹ́ kó ọkọ rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ méjì lọ sọ́dọ̀. Kíá, ọ̀kan nínú wọn fa fóònù yọ. "Èló ni wọ́n ń san fún wọn?" Mo ní £31,049 lọ́dún. Ó fi méjìlá pín in, ó sọ ọ́ di náírà, ó lọgun: "Mílíọ̀nù márùn-ún ó lé, lóṣù kan! Kí lẹ tún ń rò? Ìyẹn tó í bọ́ gbogbo Ìjurin!" Mo ní ká fara balẹ̀ ṣírò rẹ̀ dáadáa. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ìwọ tó ò ń kọ́ Yorùbá, kí lo mọ̀ nípa ìṣirò?"

Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Èsì rẹ̀ nìyí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti bú mi. Ọmọ Yorùbá tó bá fẹ́ ka márùndínláàádọ́ta, ìyọkúrò ló ń ṣe. Ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta. A yọ mẹ́wàá nínú rẹ̀, ó di àádọ́ta. A tún yọ márùn-ún nínú àádọ́ta kó tó di márùndínláàádọ́ta. Ẹ̀ẹ̀mejì la yọ kí á tó dé ibi tí à ń lọ! Ìyá tó ń ta gaàrí lọ́jà Ìjerò, tí kò wo ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé rí, ń ṣe é lórí láìlo fóònù. Èdè wa ti kọ́ wa tipẹ́ pé kí á máa yọ kí á tó kà. Àmọ́ bí a bá ti gbọ́ "pọ́n-ùn" báyìí, a ó gbàgbé ìyọkúrò, a ó fi ẹgbẹ̀rún méjì sọ ọ́ di púpọ̀, ijó sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbọ́ o: owó tí wọ́n bá fi pọ́n-ùn san, pọ́n-ùn ni wọ́n máa fi ná an. Kò sí onílé kan ní England tó ń gba náírà.

Ó yá, ẹ mú bírò yín.

£31,049 ni owó ọdún kan tí nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ń gbà ní ilé-ìwòsàn ìjọba England ní ọdún ìṣúná 2025 sí 2026. Ìjọba ò fọwọ́ kan £12,570 àkọ́kọ́. Lórí ìyókù, wọ́n ń gba ogún lórí ọgọ́rùn-ún fún owó-orí, wọ́n sì ń gba mẹ́jọ lórí ọgọ́rùn-ún fún National Insurance. Owó ìfẹ̀yìntì tún ń mú bíi mẹ́jọ lórí ọgọ́rùn-ún nínú gbogbo rẹ̀. Ohun tó ń dé ọwọ́ Àǹtí mi gan-an lóṣù, kò pé £2,000. £1,980 ni ká pè é.

Ó kan owó ilé. Àwa Èkìtì máa ń pe ilé ní ulé. Ulé yìí náà ló ń kọ́kọ́ jẹun lórí owó. Ní London, ìpíndọ́gba owó ilé lóṣù kan lé ní £2,200 ní ọdún 2025, gẹ́gẹ́ bí àjọ ONS tó ń ka nǹkan fún ìjọba wọn ṣe kà á. Ṣé ẹ rí i? Owó tí ẹ ní ó tó í bọ́ gbogbo Ìjurin, kò tó san owó ilé kan ní London! Ọpẹ́ ni pé London kọ́ ni Àǹtí wà. Apá àríwá-ìlà-oòrùn ni wọ́n wà, ibi tí owó ilé ti kéré jù ní gbogbo England. Níbẹ̀, bíi £735 ni. Ẹ yọ ọ́. Ó ku £1,245.

Kánsù ń gba owó-orí ilé. Fún ilé tó wà ní ìpele tó kéré jù, bíi £125 lóṣù ni. Ó ku £1,120. Iná àti gáàsì: àjọ Ofgem tó ń ṣàkóso rẹ̀ fi £1,755 lọ́dún ṣe òdiwọ̀n fún ilé tó ń lo ìwọ̀nba, ní oṣù kẹwàá 2025. Bíi £145 lóṣù nìyẹn. Ó ku £975. Oúnjẹ ẹni mẹ́rin: Àǹtí fúnra wọn ní bí àwọn bá fún ara mọ́ra, £100 lọ́sẹ̀ ni. £430 lóṣù. Ó ku £545. Bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́ àti bọ̀, £3 lọ, £3 bọ̀, ogún ọjọ́: £120. Ó ku £425. Omi, fóònù, íntánẹ́ẹ̀tì: £95.

Ó ku £330.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Àwọn ọmọ náà ò tíì ní kóòtù òtútù. Kò sí bẹ́ẹ̀dì nínú ilé. Yunifọ́ọ̀mù ńkọ́? Bàtà ńkọ́, fún ọmọ ọdún méje tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gùn lóṣooṣù? Ẹni tó bá sì ń rò pé ìjọba ibẹ̀ á fi owó ọmọ ràn wọ́n lọ́wọ́, kó tún un rò. Físà tí wọ́n máa gbà kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan irú owó bẹ́ẹ̀: owó ọmọ, owó ìrànwọ́ ilé, kò sí. Mo dúpẹ́ pé ilé-ìwé ìjọba ò gbowó lọ́wọ́ ọmọ, àti pé òṣìṣẹ́ ìlera àti ẹbí rẹ̀ kì í san owó ìlera tí àwọn àlejò mìíràn ń san kí wọ́n tó rí físà gbà. N kò ní yọ ohun tí kò yẹ kí n yọ. Síbẹ̀, £330 náà ló kù.

Ẹnu mẹ́rin péré la sì tíì kà.

Lóṣooṣù, Àǹtí mi ń fi £350 ránṣẹ́ sílé. Wọ́n ń rí i ṣe nítorí pé yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé, nínú ilé tí àwọn àti àwọn nọ́ọ̀sì mìíràn jọ háyà. Nílé níbí, £350 jẹ́ bíi ₦700,000, ìlọ́po mẹ́wàá ₦70,000 tó di owó-oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin ní oṣù keje 2024. Àwọn wo ló ń jẹ ẹ́? Màmá wa ní Ìjurin. Ìyá ọkọ wọn ní Àrámọkọ. Àbúrò wa tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ọmọ tí ẹ̀gbọ́n wa tó ti dolóògbé fi sílẹ̀. Àti èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Ẹnu márùn-ún. Ẹ fi kún mẹ́rin ti òkè òkun, ó di mẹ́sàn-án.

£330 ló kù, £350 ló gbọ́dọ̀ wálé. Gbèsè £20 lóṣù, kí wọ́n tó ra kóòtù kan ṣoṣo! Mílíọ̀nù márùn-ún yín dà?

Nígbà ọdún Kérésì 2025, ẹbí pàdé ní Ìjurin lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni olórí ìpàdé. Wọ́n pe èmi náà pé kí n wá ka ìwé jáde, nítorí ọmọ yunifásítì ni mí. Físà ẹni mẹ́ta ní £304 lẹ́nìkọ̀ọ̀kan jẹ́ £912. Owó ilé oṣù kìíní àti owó ìdúró ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí onílé ń gbà sún mọ́ £1,585. Àpapọ̀ rẹ̀ súnmọ́ £2,500. Mílíọ̀nù márùn-ún náírà nìyẹn, a ò sì tíì dárúkọ báálù àti àyẹ̀wò ikọ́ ife. Bàbá wa ní kò le: ká ta oko kòkó. Àwọn kan ti ń béèrè rẹ̀ tẹ́lẹ̀. "Owó-oṣù rẹ̀ kan péré á rà á padà," ni wọ́n wí.

Màmá mi kì í sábà sọ̀rọ̀ níwájú àwọn àgbà ẹbí. Lọ́jọ́ náà, wọ́n sọ gbólóhùn méjì péré. "Oko yẹn ló rán nọ́ọ̀sì yín níwèé. Ẹni tó bá máa tà á, kó fi èyí tó máa rán Tọ́mi níwèé hàn mí." Tọ́mi ni àkọ́bí Àǹtí.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi ronú sí ọ̀rọ̀ obìnrin yìí. Ní ìparí ọdún 2024, owó kòkó lọ́jà àgbáyé kọjá $12,000 lórí tọ́ọ̀nù kan. Nígbà tó fi máa di ìparí 2025, ó ti já wálẹ̀ ju ìdajì lọ. Lóòótọ́, kòkó kì í dúró lójú kan. Ṣùgbọ́n bó gòkè, bó sọ̀kalẹ̀, lọ́dọọdún ló ń so. Owó-oṣù kejì tí ẹbí wa ní nìyẹn. Ẹ wá ní ká ta owó-oṣù kejì kí a lè lọ gbára lé ẹyọ kan. Irú ìṣirò wo nìyẹn?

Nígbà tí mo ka àkọsílẹ̀ mi tán, Bàbá wa bi mí léèrè pé, "Ṣé o ò fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ rí ọkọ rẹ̀ ni?" Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti gún mi. Mo fẹ́ ẹ o! Ọmọ kejì wọn jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta; fóònù ló fi mọ ojú ìyá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dùn mọ́. Ẹ má sọ mí di ọ̀tá ìrìn-àjò. N kò ní kí wọ́n má lọ. Ohun tí mo sọ ni pé owó-oṣù kan kò lè gbé ulé méjì, èyí tó wà níbẹ̀ àti èyí tó wà níbí, àti pé àwa tí a wà níbí ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kì í ṣe Àǹtí.

Mo mọ ohun tí ẹ máa fi dá mi lóhùn. Ẹ ó ní, "Ilẹ̀kùn ń tì o. Bí wọn ò bá tètè lọ, ó di lọ́la." Ọ̀rọ̀ gidi nìyí, n kò ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2024, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ ṣe másítà ní Britain ò lè mú ẹbí dání mọ́. Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta 2024, àwọn olùtọ́jú arúgbó tó ń gba físà tuntun náà ò lè mú ẹbí lọ mọ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù keje 2025, wọ́n dáwọ́ gbígba olùtọ́jú arúgbó tuntun láti òkè òkun dúró pátápátá. Ti nọ́ọ̀sì ṣì wà ní ṣíṣí. Ṣùgbọ́n ní oṣù karùn-ún 2025, ìjọba wọn kéde pé àwọn fẹ́ kí ọdún márùn-ún tí àlejò fi ń dúró kó tó gba ìwé ìgbélùú títí láé di mẹ́wàá. Ẹ wo ìyẹn dáadáa. Bí ọdún bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọdún tí wọn ò ní rí ìrànwọ́ ìjọba gbà yóò máa pọ̀ sí i. Ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ yára kọ́ nìyẹn nìkan. Ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ ṣírò rẹ̀ dáadáa ni pẹ̀lú.

Àwọn mìíràn á ní, "Àwọn tó ti lọ, ebi pa wọ́n kú ni?" Rárá. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè: owó-oṣù mélòó ló wọ ilé yín? Ìgbà wo ni Yorùbá ń fi owó ẹnìkan gbé ilé pàápàá? Àwọn ará Ọ̀fà, Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́ tó kó lọ sí ilẹ̀ Gánà nígbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní Gold Coast, ọkọ ń tajà, ìyàwó ń tajà, ọmọ ń kiri. Nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ ní oṣù kọkànlá 1969 pé àlejò tí kò ní ìwé kó ẹrù rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni tó ṣì ní ilé àti ilẹ̀ ní ìlú rẹ̀ rí ibi forí lé. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀: ọwọ́ méjì ni kó máa ṣiṣẹ́, ẹ má sì ta ilé kí ẹ tó lọ.

Ti Britain tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀. Láti bíi ọdún 1955 lọ, ọ̀pọ̀ àwọn òbí wa tó lọ kàwé níbẹ̀, tí ọkọ ń ṣiṣẹ́, tí ìyàwó ń kàwé, rí i pé owó àti àkókò ò tó. Wọ́n gbé ọmọ wọn fún ìdílé aláwọ̀ funfun, wọ́n sì ń sanwó fún wọn kí wọ́n máa bá wọn tọ́jú rẹ̀. Òṣèré Adewale Akinnuoye-Agbaje, tí wọ́n bí ní London ní ọdún 1967, wà lára irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni nígbà tí wọ́n gbé e fún ìdílé kan ní Tilbury. Ó fi ìtàn ara rẹ̀ ṣe fíìmù Farming tó jáde ní ọdún 2018: ọmọ Yorùbá tó dàgbà di ẹni tó ń bá àwọn afárí tó kórìíra aláwọ̀ dúdú rìn. N kò bú àwọn òbí ìgbà náà. Wọn ò kórìíra ọmọ. Owó ni kò tó, ọmọ ló sì san ìyókù.

Ìdí tí mo fi ń jà nìyẹn. Bí owó-oṣù kan ò bá tó, iyàrá kan máa san án, orun alẹ́ ìyá máa san án, ọmọ máa san án. Kì í ṣe pé gbèsè náà á pòórá nítorí pé a gbàdúrà sí i.

Kí wá ni ṣíṣe? Ọkọ Àǹtí, tíṣà ni wọ́n. Wọ́n dìde ní ìpàdé yẹn, wọ́n ní, "Mi ò ní lọ jókòó. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ alẹ́ ni mo rí, màá ṣe é." Àwọn kan nínú ẹbí ń fajú ro, pé ṣé tíṣà ló máa wá lọ máa to àpótí ní ṣọ́ọ̀bù. Èmi bọ̀wọ̀ fún wọn lọ́jọ́ náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Owó wákàtí tó kéré jù lábẹ́ òfin níbẹ̀ ní ọdún ìṣúná 2025 sí 2026 ni £12.21. Bí wọ́n bá ṣe ogún wákàtí péré lọ́sẹ̀, yóò mú bíi £1,050 wọlé lóṣù. Ọmọ ọdún mẹ́ta ní wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́sẹ̀ ní ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi lásìkò ilé-ìwé. Ìyá á dé, bàbá á jáde. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n á ti máa kí ara wọn. Kò dùn, ṣùgbọ́n ó ṣeé gbé. £330 á di £1,380. Ìyẹn nìkan ló lè mú kóòtù òtútù wá.

Èyí tó kàn wá níbí ló kù. Mo dúró níwájú ẹbí, mo sọ pé kí á dín £350 kù sí £100 fún Màmá àti àwọn ọmọdé, láti oṣù kìíní 2026. Láti ìgbà náà dé oṣù kẹjọ, £250 tí a fi sílẹ̀ lóṣooṣù á di £2,000. Ẹ rántí pé £2,500 ni ohun tí wọ́n torí rẹ̀ fẹ́ ta oko. Oko ò ní láti lọ! Àwa ni ká sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn Àǹtí díẹ̀, kí wọ́n lè pọn ọmọ tiwọn.

Wọ́n dákẹ́. Ẹnìkan wá bi mí pé, "Tìrẹ ńkọ́?"

Ó tó bẹ́ẹ̀. £80 nínú £350 yẹn, èmi ló ń jẹ ẹ́: owó ilé-ìwé, oúnjẹ, àti dátà tí mo fi ń wo bọ́ọ̀lù. Mo ti sọ fún Àǹtí pé kí wọ́n yọ orúkọ mi kúrò. Wọ́n bínú sí mi lórí fóònù, wọ́n ní ṣé àwọn ló lé mi ni. Mo bẹ̀ wọ́n. Báyìí, mo ń kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìrọ̀lẹ́, mo sì ń bá àwọn ará ọdún kẹrin tẹ pírójẹ́ẹ̀tì. Owó rẹ̀ ò tó £80. Mo ti tún padà sórí gaàrí, ẹni tó bá bá mi ní yàrá lọ́sàn-án á jẹ́rìí. Ṣùgbọ́n ẹnu ti di mẹ́jọ.

Bàbá wa kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa títí di òní. Oko kòkó ṣì wà.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mélòó nínú yín ló wà lórí owó-oṣù ẹnìkan ní Canada, ní Texas, ní Manchester? Ẹ kì í ṣe olè, mi ò bú yín. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn tí ẹ bá fa fóònù yọ láti sọ owó ẹlòmíràn di náírà, ẹ kọ́kọ́ mú bírò. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹnu tó ń jẹ lórí owó náà sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ka orúkọ náà sókè. Bí tiyín bá wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìyọkúrò.